Sí Olóòtú: Ẹni Tó Ní Supacell Falẹ̀ Jù, Kò Tíì Dúró De Nọ́ọ̀sì Lóru Rí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ọkọ mi ló máa ń kọ ọ́, èmi a kàn kà á tán mà á gbé e sílẹ̀, àmọ́ lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọwọ́ bọ̀dá kan nípa Supacell, eré Netflix yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, díẹ̀ ló kù kí n kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀. Bọ̀dá ní àwọn wo apá méjì, àwọn bá pa á. Wọ́n ní irú eré súpáhírò wo ló ń falẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó fò, kò sẹ́ni tó wó ilé. Wọ́n tún ní àbùkù ló jẹ́ fún wa pé nínú èèyàn dúdú márùn-ún tí wọ́n fún lágbára, ọ̀kan ń ta igbó, ọ̀kan jẹ́ ọmọ gáàngì, ọ̀kan ti ẹ̀wọ̀n dé, wọ́n wá fi ti àwọn aláríwísí kún un, pé ìbẹ̀rù kí wọ́n má pe àwọn ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yìn ín.

Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o, mo mọ̀ pé ẹ máa rí èyí kà. Apá mẹ́fà péré ni gbogbo ẹ̀. Ẹ wo méjì, ẹ dájọ́ mẹ́fà. Ọbẹ̀ ò tíì hó lórí iná, ẹ ti ní iyọ̀ ò sí níbẹ̀.

Fún àwọn tí kò tíì wò ó, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n lè ráyè bínú dáadáa. 27 oṣù Júùnù 2024 ló jáde. Rapman ló gbé e kalẹ̀, Andrew Onwubolu lorúkọ ẹ̀ gan-an, Deptford ló dàgbà sí, òun náà ló ṣe Shiro's Story sórí YouTube ní 2018 tí gbogbo ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń fi ránṣẹ́ síra wọn nígbà náà. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú Supacell yìí, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé, wọn ò mọra wọn rí. Michael Lasaki ń wakọ̀ kó ẹrù káàkiri ilé onílé, Tósìn Cole ló ṣe é, ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ n fi yangàn díẹ̀. Sabrina, nọ́ọ̀sì ni. Andre ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ó ń wá iṣẹ́ tó máa fi tọ́jú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin. Rodney ló ń ta igbó. Tazer sì ni olórí àwọn Tower Boys, gáàngì kan ni wọ́n, Táyọ̀ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí orúkọ yẹn, mo ń bọ̀ síbẹ̀. Ṣàdédé ni ẹnì kan rí i pé òun ti ń sáré ju mọ́tò lọ, ẹnì kan ń gbé nǹkan láìfọwọ́ kàn án, ẹnì kan ń pòórá, ẹnì kan di alágbára tí kò sóhun tí kò lè gbé. Michael ní tiẹ̀ lè ti ibì kan lọ sí ibòmíì kí ẹ tó ṣẹ́jú, kódà ó lọ sí ọjọ́ iwájú, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Dionne àfẹ́sọ́nà òun máa kú láàárín oṣù mẹ́ta àyàfi tí òun bá wá àwọn mẹ́rin yòókù rí. Adélayọ̀ Adédayọ̀ ló ṣe Dionne, ẹ ẹ̀ rí i, ọmọ wa náà ni.

Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ tú síta nítorí láìsí i lẹ́tà mi ò ní ìtumọ̀: ohun tó so àwọn márààrún pọ̀ ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tó wà nínú ìdílé wọn, èyí tí ẹ ń pè ní sickle cell. Àtibẹ̀ ni agbára wọn ti wá. Ìyá Michael fúnra wọn ló ní in. Ẹ wo orúkọ eré náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ máa rí i pé ojú wa ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláríwísí kọ́kọ́ ná. Lóòótọ́ ni wọ́n yìn ín, gbogbo àwọn tí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn aláríwísí jọ, kà jọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló sọ dáadáa nípa ẹ̀, 100% ló ní. Oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún yẹn náà ni Netflix ti kéde pé síísìn kejì ń bọ̀. Ní 2025 BAFTA, àwọn tó ń fún fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀bùn nílẹ̀ yìí, fà á kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn eré tẹlifíṣọ̀n ńlá ńlá, Blue Lights ló gba ẹ̀bùn náà lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kà nínú ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe ìyìn òfìfo o. Àwọn kan sọ ohun tí bọ̀dá sọ gan-an, pé ó pẹ́ kí àwọn márùn-ún náà tó pàdé, pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn níbì kan ò dán tó, pé apá tó kẹ́yìn sáré kó ìdáhùn jọ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ò ní kọ ìyẹn. Ẹ̀sùn tèmi sí wọn yàtọ̀: wọ́n ń fi wé fíìmù Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣírò iye tó ná wọn láti mú kí èèyàn pòórá nínú kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ àìsàn yẹn wá di gbólóhùn kan lápá ìsàlẹ̀, bíi pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe é.

Àwa tá à ń wò ó nílé wá ńkọ́? Àwọn ọmọ sọ pé ó dà bíi pé ẹnì kan gbé kámẹ́rà sínú àdúgbò àwọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi sọ pé èébú inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, mo fara mọ́ ọn, ẹnu àwọn ọmọ yẹn dọ̀tí, mo sọ ọ́ dọ́gba, apá kìíní ni mo fi ọwọ́ bo etí ọmọ mi tó ti pé 17 tí òun náà fi rẹ́rìn-ín mi. Ọkọ mi wò ó, ó sùn ní apá kejì, ó jí ní apá kẹrin, ó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn fún òun.

Wàyí o, fífalẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin yẹn, SS ni. Èmi AS, bàbá ẹ̀ AS, ìfẹ́ ló ń pa wá bí ọtí nígbà náà, ta ló rántí jẹnotáìpù. Àwọn àgbà ò ṣàdédé pe àìsàn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde. Lónìí ó ń jó níwájú fóònù, ó ń bá èmi ìyá ẹ̀ jà nítorí irun, tó bá fi máa di òru egungun ti ń ro ó bí ẹni ń fi òòlù gbá a láti inú wá, ẹ ò sì ní gbọ́ ẹkún ẹ̀, á kàn dákẹ́, á di ọwọ́ mi mú, ìdákẹ́ yẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ. Dókítà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan: ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, á lọ há sínú iṣan tóóró, ọ́síjìn ò ní dé ibi tó yẹ kó dé, ibi tí kò dé yẹn ló ń pariwo.

Ìlànà wà ńlẹ̀ ní ìlú yìí o. NICE, àwọn tó ń kọ ìlànà fún NHS, ètò ìlera ìjọba, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2012 pé tí ẹni tó ní àìsàn yìí bá gbé kíráísìsì, ìrora ńlá tó ń ṣàdédé dé yẹn, wá sí ọsibítù, kí oògùn ìrora dé ara ẹ̀ láàárín 30 ìṣẹ́jú. Oṣù tí Supacell jáde yẹn gan-an, aago méjì òru la dé ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, aago márùn-ún ku díẹ̀ ni oògùn tó dé. Mo ń wo aago ara ògiri, ó ń wò mí. Nọ́ọ̀sì kan bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọmọ mi máa ń lo nǹkan. Mo ní nǹkan bíi kí ni? Ó wo ilẹ̀, ó ní ó kàn ń béèrè ni. Ọmọ tó wọ aṣọ ìsùn tó ní àwòrán ológbò lára! Wọ́n rò pé ó wá fi ọgbọ́n gba oògùn líle ni, ìyẹn ni ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí, gbogbo ìyá tó ní irú ọmọ yìí ló mọ ìbéèrè yẹn.

Kì í ṣe tèmi nìkan. Ní 2021 àwọn aṣòfin kan gbé ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn alárùn yìí, àkọlé ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń fetí sílẹ̀. Ohun tó ṣí wọn lójú ni ikú ọmọkùnrin ọdún 21 kan ní 2019. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà o, inú ọsibítù, ó wá mú fóònù ẹ̀ ó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, pé kí wọ́n bá òun wá ọ́síjìn. Mo máa ń rò ó tí mo bá ń fọ abọ́. Ọmọ yẹn wà láàárín àwọn dókítà, ó tún ń pe àwọn tó wà níta kí wọ́n wá gba òun.

Torí náà tí bọ̀dá bá ní eré náà falẹ̀, mo fẹ́ mọ ibi tó ti falẹ̀ fún wọn. Ṣé ibi tí Michael ti ń ṣàníyàn ìyá ẹ̀ ni? Àbí ibi tí Andre ti ń wáṣẹ́? Mo ti wo eré súpáhírò tó pọ̀ nítorí àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé èèyàn gba agbára lówùúrọ̀, tó bá máa di ọ̀sán ó ti rán aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra, kò sí rẹ́ǹtì, kò sí ìyá tó ń ṣàìsàn, kò sí ọ̀gá níbi iṣẹ́ tó máa béèrè pé níbo lo wà láàárọ̀. Andre lè gbé mọ́tò, kò lè gbé fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n ti béèrè bóyá o ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín, àbúrò ẹ̀ kan ti gba irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí ló jẹ́ kí n máa pè é ní eré tó mọ ojú ọ̀ràn. Kò wàásù. Kò sí ibi tí ẹnì kan ti dìde dúró tó ń sọ fún wa pé ìjọba ò ṣe dáadáa, a kàn rí i pé agbára dé bá àwọn èèyàn yìí, ìṣòro wọn ò sì kúrò nílẹ̀, ó tún wá di méjì.

Ẹ jẹ́ n dé orí Táyọ̀. Èmi náà bínú o, mi ò ní purọ́. Mo rí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ tó dùn tó báyìí, tó kó ọmọ kéékèèké sẹ́yìn, tó ń gbé ọ̀bẹ kiri, mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ wa ni wọ́n máa ń gbé fún un. Lẹ́yìn náà mo rántí pé ní àdúgbò mi níbí, nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ti gún pa, mo ti gbọ́ orúkọ tó rí bẹ́ẹ̀ rí, àti lára àwọn tó gún ni pẹ̀lú. Rapman ò hùmọ̀ ẹ̀. Ohun tó ṣe tí mo fi dárí jì í ni pé ó fún Táyọ̀ ní ìyá ìyá, ó fún un ní ẹ̀rù, ó jẹ́ ká rí i pé ọmọdé ṣì ni. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di dókítà tàbí lọ́yà kí inú wa lè dùn, ṣé ọmọ tó ń gbé nínú ilé gíga yẹn máa wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún? Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ gbàgbé Sabrina tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ gbàgbé Michael tó ń jí lówùúrọ̀ lọ ṣiṣẹ́, Dionne náà òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ìjọba ni, ẹ kàn ka àwọn tó dójú tì yín nìkan.

Ìgbà tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tó ń bá Rapman jà. Oṣù Nofẹ́ńbà 2019 tí fíìmù ẹ̀ Blue Story jáde, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Peckham àti Deptford, ìjà àdá ṣẹlẹ̀ ní ilé sinimá kan ní Birmingham, kíá ni Vue, ilé iṣẹ́ tó ni ilé sinimá káàkiri, yọ fíìmù náà kúrò ní gbogbo ilé sinimá wọn. Ẹ wò ó, fíìmù tó ń sọ pé ẹ yé para yín, òun ni wọ́n mú bí ọ̀daràn. Ariwo pọ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Irú ọwọ́ yẹn náà ni bọ̀dá gbé sí Supacell, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ wa ló mú wọn ṣe é.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti gbọ́ tiwọn. Nígbà tí Luke Cage, eré súpáhírò aláwọ̀ dúdú, jáde ní 2016, tó jẹ́ pé Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ni gbogbo ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àwọn kan ń kígbe pé èèyàn dúdú ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Harlem! Black Lightning, eré súpáhírò míì, dé ní 2018, apá kìíní rèé, ọ̀gá ilé ìwé tó jẹ́ súpáhírò náà ń wa mọ́tò nínú òjò pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin, pọ́lísì dá a dúró wọ́n fà á jáde, àwọn òǹwòran kan ní kí ló kan súpáhírò nínú ọ̀rọ̀ pọ́lísì, òṣèlú ti wọ̀ ọ́. Watchmen, eré súpáhírò ti HBO ní 2019, wá burú jù lójú wọn torí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpakúpa Tulsa ti 1921, níbi tí wọ́n ti sun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ló sọ pé ibẹ̀ làwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹ̀bùn Emmy 11 ló gbà ní 2020, àwọn aláríwísí gbé e gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn òǹwòran ti ń fi máàkì síta, máàkì wọn ò sún mọ́ ti àwọn aláríwísí rárá. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: tí òyìnbó bá fi fìlà bo ojú tó ń lu ọ̀daràn ní ìlú ńlá, kò sẹ́ni tó ń pè é ní òṣèlú. Ó di òṣèlú tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fara gbọgbẹ́ jọ wá.

Mo ti gbèjà Supacell tó, ó kù kí n bá a jà díẹ̀.

A jọ wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀ tó jáde, ọmọ mi ò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin tó ti ọsibítù dé, ó dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àìsàn yẹn hàn nínú ẹ̀, ó dìde jókòó. Ó ní, Mọ́mì, wọ́n fi wá sí i. Mi ò tíì rí i kó dìde bẹ́ẹ̀ fún nǹkan kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Àtìgbà tí wọ́n ti bí i, ibi kan ṣoṣo tó ti ń rí ohun tó ń ṣe é lára ògiri ni kíléníìkì, níbi pósítà tí ẹnikẹ́ni ò kà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rapman fún ìdìde yẹn, màá máa dúpẹ́ lọ.

Àmọ́ nígbà tó wá yé e pé àìsàn yẹn ni wọ́n sọ pé agbára ti ń wá, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, tèmi dà? Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ mi. Nínú eré yẹn, ìyá ló ń jẹ ìrora, ọmọ ló ń gba agbára. Ẹni tó ṣàìsàn gan-an kò rí nǹkan kan gbà. Mo ronú lé e títí, mo ní tí Rapman bá jókòó tì mí ohun tí mo máa bi í nìyẹn: kí ló dé tí ẹni tó ní SS fúnra ẹ̀ ò lè fò? Ó yẹ kí àwọn aláríwísí bi í, wọ́n ní àyè, wọ́n ní orúkọ, wọ́n máa ń jókòó pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ má rò pé ìtàn yẹn jẹ́ àlọ́ pátápátá ṣá. Òótọ́ kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí mo rò pé òun ni Rapman gbé ọwọ́ lé. Tí ìyá bá jẹ́ SS, ọmọ ò lè má gba S kan lọ́wọ́ wọn, Michael AS ni ó kéré tán. AS yìí sì ní agbára tiẹ̀ lóòótọ́: ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í tètè pa ẹni tó ní S kan, dókítà òyìnbó kan, Anthony Allison, ló fi hàn ní 1954. Ìdí tí àìsàn yìí fi pọ̀ láàárín wa nìyẹn, àwọn tó ní S kan ló ń yè, wọ́n ń bímọ, tí méjì bá wá fẹ́ra, ọmọ kan nínú mẹ́rin á máa san gbèsè ìyè àwọn baba ńlá ẹ̀. Mo sọ èyí fún ọmọ mi. Ó ní, Mọ́mì, ẹ̀fọn ibà wo ló wà ní Lewisham? Mi ò rí èsì.

Agbára míì tún wà tí kò sí nínú eré náà, ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìlú yìí ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tuntun fún àìsàn yìí, ní gbogbo ayé, ní Nofẹ́ńbà 2023, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà sínú ara ẹ̀. Ní oṣù Jánúárì 2025 NHS gbà láti máa lò ó fún àwọn alárùn yìí, £1.65 mílíọ̀nù ni owó tí wọ́n kọ sára ẹ̀ fún ẹnì kan, wọ́n ní nǹkan bí èèyàn 50 lọ́dún. Àwọn tó ní àìsàn náà nílẹ̀ England tó nǹkan bí 17,000. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn, èmi ti ṣe é, mo ti fi kálíkúlétọ̀ pamọ́. Ẹ tún wò ó pé tí ọmọ mi bá dàgbà tán, tó ń ṣiṣẹ́, á máa sanwó oògùn ojoojúmọ́ ẹ̀ ní kẹ́míìsì, £9.90 ló jẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 2025, torí orúkọ àìsàn ẹ̀ ò sí nínú ìwé àwọn àìsàn tí wọ́n ní kí wọ́n má gbowó oògùn lé lórí láti 1968, ìgbà tí wọ́n rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní dàgbà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí síísìn kejì gbé. Kí wọ́n jẹ́ kí Michael lọ sí ọjọ́ iwájú kó lọ wò ó bóyá wọ́n ti tún ìwé yẹn kọ.

Ohun tí mo rí tó ti ara eré yìí jáde nínú ilé mi ò ju ẹyọ kan lọ, kò sì pọ̀, mi ò ní ṣe àsọdùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, AA, ọmọ ọdún 19, mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún méjì pé kó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá àwọn ọmọ wa mu jù máa ń jẹ́ oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Ro, ó lé ní ìdajì nínú àwa aláwọ̀ dúdú tó ní in, àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ yìí, nǹkan bí 2% péré ló ní in, torí a kì í lọ. Ọjọ́ kejì tá a wo apá kẹfà tán, kò sọ fún mi, ó lọ. Ó dé pẹ̀lú bándéèjì lápá, ojú ẹ̀ funfun, ó jẹ bísíkíìtì mẹ́ta tó kó bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní Ro ni tòun. Lẹ́yìn ìyẹn tẹ́ẹ̀sì wọlé sórí fóònù ẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ti lọ sí ọsibítù báyìí báyìí. Ó fi han àbúrò ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ kà á, ó ní ọsibítù yẹn ni wọ́n ti jẹ́ kí òun dúró di aago márùn-ún.

Ẹ̀yin bọ̀dá, apá mẹ́rin ló kù fún yín. Tí ẹ bá wò ó tán tí inú yín ò tíì dùn, ẹ tún kọ lẹ́tà, màá kà á nínú bọ́ọ̀sì.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọlọ́mọ Méjì,
Lewisham, Lọ́ńdọ̀nù.